Bí Ọwọ́ Rẹ̀ Bá Mọ́, Kí Ni A Ń Wá Lọ́dọ̀ Lọ́yà?

Ìbéèrè tí mo fi ṣe orí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tèmi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi àgbà ni ó bi wá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Akínmọ̀rìn, ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ẹbí pé jọ nítorí ọmọ wa kan tí àwọn ọlọ́pàá mú. Bàbá jẹ obì ẹnu wọn tán, wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún, wọ́n ní: “Bí ọwọ́ ọmọ yìí bá mọ́, kí ni a ń wá lọ́dọ̀ lọ́yà? Bí kò bá sì mọ́, èmi kò ní fi owó ogbó mi ra irọ́ fún ẹnikẹ́ni.” Nígbà tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ tán, ilé pa rọ́rọ́. Ọ̀rọ̀ náà ní ojú méjì, kò sì jọ pé ọ̀nà wà tí ènìyàn lè gbà yọ nínú èyíkéyìí nínú wọn.

Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí wà níbẹ̀. Ìsinmi ni mo wá lò nílé, nítorí pé èmi nìkan ni mo sì wà ní yunifásítì nínú gbogbo àwa tí a jókòó, wọ́n yíjú sí mi pé kí ni mo rí sí i. Mo dáhùn pé òótọ́ ni Bàbá sọ. Mo tilẹ̀ fi òwe gbè wọ́n lẹ́sẹ̀: mo ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àwọn àgbà mi orí, inú mi sì dùn pé mo pa òwe lójú wọn tí ó bá a mu. Ìyá ọmọ náà nìkan ni kò mi orí. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀sùn náà ti jẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kejì ni ẹni tí wọ́n mú. Ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, nítorí náà Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Ó ń bá ọkùnrin kan ṣiṣẹ́ tí ó ní ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ rin ìrìn-àjò, ẹ̀rọ bàjẹ́, àwọn obìnrin tí wọ́n kó ẹ̀gẹ́ wá sì ń pariwo. Ẹ̀gbọ́n gbé ẹ̀rọ náà sẹ́yìn ọ̀kadà, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tún un ṣe ní Ọ̀yọ́. Kò pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù kí ó tó gbé e. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn, wọn kò sì jẹ́ kí ó gbàgbé rẹ̀. Àbúrò ọ̀gá dé, ó bá ilé ẹ̀rọ ní òfìfo, ó ké sí ọlọ́pàá. Nígbà tí wọn yóò fi dé ọ̀dọ̀ atún-ẹ̀rọ-ṣe, òun náà ti gbọ́ pé ọlọ́pàá ń bọ̀, ó ti ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, ó ti gba oko lọ. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí ẹni tí yóò sọ pé òun ni ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ òun.

Wọ́n bi Ẹ̀gbọ́n pé ta ni ó gbé ẹ̀rọ. Ó ní: “Èmi ni mo gbé e.”

Ó tún wá ku ohun kan. Ẹ̀gbọ́n mi yìí, bí ẹ̀rù bá bà á, ẹ̀rín ni í máa rín. Láti kékeré ni. Nígbà tí olùkọ́ bá fẹ́ nà wá, òun ni yóò máa rẹ́rìn-ín, òun ni wọn yóò sì nà jù. Ó rẹ́rìn-ín ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Ìyá rẹ̀ ni kò gba ohun tí ìpàdé wí. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n lọ bá olórí èésú wọn, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí àwọn kó ti àwọn ṣáájú, wọ́n sì wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ lọ wá lọ́yà. Lọ́yà náà kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá tán tí ó fi ní òun fẹ́ ẹni tí ó mọ̀wé nínú ẹbí kí ó wá bá òun. Báyìí ni wọ́n ṣe fi èmi tí mo ti gbè Bàbá lẹ́sẹ̀ ránṣẹ́. Ó fi ẹ̀dà ìwé tí ọlọ́pàá kọ sílẹ̀ láti ẹnu Ẹ̀gbọ́n hàn mí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi tí kò ka ju ìwé mẹ́fà lọ sì ti fọwọ́ sí i. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà. Níbi tí ó yẹ kí “gbé” wà, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà níbẹ̀ tí kò ní ìtumọ̀ méjì. Ti olè nìkan ni.

Ẹ̀kọ́ nípa èdè ni mo ń kọ́, ẹ̀yin náà sì mọ “gbé” bí mo ti mọ̀ ọ́n. A ń gbé ọmọ pọ̀n. A ń gbé omi kaná. A ń gbé ìyàwó. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá sáré wọlé tí ó káwọ́ lórí pé, “Wọ́n ti gbé ọ̀kadà mi o!” kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè pé ta ni ó bá a gbé e rù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ohùn, ojú àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ni í sọ èwo ni a ń wí. Ẹni tí ó ń kọ̀wé ní àgọ́ lè má ní èrò ibi kankan. Ó gbọ́ “gbé”, ó rí ẹni tí ń rẹ́rìn-ín, ó sì yan ìtumọ̀ kan. Láti ìgbà náà, ẹnu Ẹ̀gbọ́n mi ti jẹ́wọ́ ohun tí Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ.

Níhìn-ín ni ojú kìn-ín-ní ọ̀rọ̀ Bàbá ti kọ́kọ́ ya mọ́ mi lọ́wọ́. Ọwọ́ tí ó mọ́ kò lẹ́nu. Bí a bá nà án sókè ní kóòtù, ọwọ́ ni adájọ́ yóò rí, kò ní rí mímọ́ rẹ̀. Ẹnìkan ní láti sọ ọ́, ní èdè tí kóòtù ń gbọ́, ní àkókò tí kóòtù fi àyè sílẹ̀ fún un, kí ó sì mú ẹni tí ó rí i wá. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò lè ṣe gbogbo èyí. Ẹni tí ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ó yẹ kí ó sunkún kò lè ṣe é rárá.

Àwọn baba wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, bí ọmọbìnrin bá wu ọkùnrin, alárenà ni í rán, n kò sì tíì gbọ́ ọ rí pé ẹnìkan sọ pé nítorí pé ó rán alárenà, ìfẹ́ rẹ̀ kì í ṣe òtítọ́. Bí ènìyàn bá ṣẹ ọba, kì í dá nìkan kọrí sí ààfin. Àwọn àgbà ilé rẹ̀ ni yóò ṣáájú, àwọn tí wọ́n mọ ibi tí à ń dọ̀bálẹ̀ dé àti ọ̀rọ̀ tí à ń fi ṣíde. A sì ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Bàbá wa a máa pa òwe yìí dáadáa nígbà tí àwọn ìyàwó ilé bá ń jà. Ohun tí wọn kò rò ni pé ní kóòtù, bí ẹnu kan bá jẹ́ ti ẹni tí ó mọ òfin tí ẹnu kejì sì jẹ́ ti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ẹjọ́ ẹnìkan náà ni adájọ́ ń gbọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn méjì ni ó dúró níwájú rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ ìpàdé yẹn, àwòrán Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni ó wà lára ògiri ní òkè orí Bàbá gan-an, pẹ̀lú fìlà àti awò ojú rẹ̀. Bàbá kò kó ìfẹ́ ọkùnrin náà mọ́ra. Mo wá rò ó lẹ́yìn náà pé bí àwòrán bá lè sọ̀rọ̀, ìbá ti dá Bàbá lóhùn. Ní ọdún 1962, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fi ẹ̀sùn kàn án pé ó dìtẹ̀ mọ́ ìjọba, lọ́yà ni òun fúnra rẹ̀. Láti ọdún 1946 ni wọ́n ti gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò ní Lọ́ńdọ̀nù. Síbẹ̀ ó wá lọ́yà mìíràn. Ẹni tí ó yàn ni E. F. N. Gratiaen, ọmọ ilẹ̀ Ceylon tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí, ẹni tí ó ti jókòó rí gẹ́gẹ́ bí adájọ́ ní ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ rẹ̀. Ìjọba kò jẹ́ kí ọkùnrin náà wọ Nàìjíríà. Awólọ́wọ̀ pe mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé lẹ́jọ́ ní ilé-ẹjọ́ gíga ti Èkó, ó ní òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ yìí fún òun ní ẹ̀tọ́ láti fi ẹni tí ó wu òun ṣe agbẹjọ́rò. Adájọ́ Udo Udoma dá a pé ẹni tí ó lè wọ ilẹ̀ yìí láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ìjọba ni òfin ń wí. Nígbà tí ó yá, Awólọ́wọ̀ ni ó ro ẹjọ́ ara rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 1963, Adájọ́ Ṣówẹ̀mímọ́ fi í sẹ́wọ̀n ọdún 10. Ọdún 1966 ni ó tó jáde.

Bóyá ó jẹ̀bi ni o, bóyá kò jẹ̀bi ni o, àwọn tí ó dàgbà jù wá lọ ṣì ń bá ara wọn jà lórí rẹ̀, n kò sì ní bá wọn dá sí i. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni èyí: bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ nìkan ni ń wá lọ́yà, tí lọ́yà kò sì wúlò ju kí ó pa irọ́ lọ, kí ni ìjọba tí ó ní ọlọ́pàá, tí ó ní ẹ̀wọ̀n, tí ó sì ní agbẹjọ́rò tirẹ̀, fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọkùnrin kan ṣoṣo tí ó gbé àpò ìwé dání?

Ní ọdún 1963 kan náà, irú ọ̀rọ̀ yìí wà nílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n tálákà ni tiwọn. Clarence Earl Gideon ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1961, ní ìpínlẹ̀ Florida, wọ́n ní ó fọ́ ilé kan tí wọ́n ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì, ó sì jalè níbẹ̀. Ó bẹ adájọ́ kí wọ́n fún òun ní lọ́yà nítorí pé òun kò lówó. Adájọ́ ní òfin Florida kò gbà bẹ́ẹ̀ àfi bí ẹ̀sùn bá jẹ́ èyí tí ó la ikú lọ. Gideon ro ẹjọ́ ara rẹ̀ bí ó ti mọ, wọ́n sì fi í sẹ́wọ̀n ọdún 5. Inú ẹ̀wọ̀n ni ó ti mú pẹ́ńsùlù, tí ó kọ̀wé sí ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹta ọdún 1963, ilé-ẹjọ́ náà dá a pé tálákà tí a bá fi ẹ̀sùn ọ̀ràn ńlá kàn kò gbọdọ̀ wà láìní lọ́yà. Wọ́n tún ẹjọ́ rẹ̀ gbọ́ ní oṣù kẹjọ. Gideon kan náà ni, ẹ̀sùn kan náà, àní adájọ́ kan náà. Lọ́yà nìkan ni wọ́n fi kún un. Àwọn ìgbìmọ̀ tí ó gbọ́ ẹjọ́ fi nǹkan bí wákàtí kan jíròrò, wọ́n sì dá a sílẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣe òdodo sí Bàbá. Èrò wọn kì í ṣe tiwọn nìkan, ó sì ní ibi tí ó ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1914 ni Lugard dá kóòtù kan sílẹ̀ fún àwọn ẹkùn tí ó wà lẹ́yìn Èkó, tí Ọ̀yọ́ sì wà nínú wọn, tí ó sì fi òfin dè é pé lọ́yà kò gbọdọ̀ yọjú síbẹ̀. Òyìnbó tí ń ṣàkóso ìlú ni adájọ́. Àlàyé wọn ni pé lọ́yà ń dá ẹjọ́ sílẹ̀ láàrin àwọn ará ìlú, ó sì ń jẹ wọ́n lówó. Títí di àtúnṣe ọdún 1933, ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kàn pàápàá lè gbọ́ ìdájọ́ ikú níbẹ̀ láìní agbẹjọ́rò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá tó bí Bàbá ti wà láyé nígbà náà. Bí a bá fi ogún ọdún sọ fún ìlú pé olóòótọ́ kò nílò lọ́yà, ìlú yóò gbà á gbọ́, yóò sì fi kọ́ ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé Ọ̀rúnmìlà ni ó sọ ọ́.

Ojú kejì ọ̀rọ̀ Bàbá ni ó le. Ká ní ó gbé e ńkọ́, ní ìtumọ̀ kejì?

N kò lè fi ọwọ́ kan gbá ìbéèrè yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ẹnìkan bá pa àbúrò mi, n kò mọ̀ bóyá n óò lè kí lọ́yà tí ó gbè é lẹ́sẹ̀ ní ọjà. Mo mọ inú ara mi. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ó fara pamọ́ sínú “bí kò bá mọ́” tí Bàbá wí. Ó fi hàn bí ẹni pé ẹnìkan ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ta ni? Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tí ó mọ̀ nínú wa, bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́pàá kò mọ̀. Kóòtù ni a dá sílẹ̀ kí á lè mọ̀. Ẹni tí ó bá ní kí á kọ́kọ́ mọ̀ kí á tó gba lọ́yà ń sọ pé kí á dájọ́ tán kí á tó lọ gbọ́ ẹjọ́. A sì mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan á kígbe “Olè!” lọ́jà, táyà á yọ, epo bẹntiróò á yọ, kí ẹnikẹ́ni tó bi í pé kí ni wọ́n jí. Ẹni tí a fi táyà sí lọ́rùn kò ní lọ́yà.

Bí ó bá sì ṣe é ní tòótọ́, ó ṣe é dé ibì kan ni, kò ṣe é dé ibi gbogbo. Ẹni tí ó jí adìẹ kì í ṣe ẹni tí ó fi ìbọn dá ọkọ̀ dúró ní ọ̀nà Ìbàdàn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹnìkan ní láti wà níbẹ̀ tí yóò máa sọ fún olùpẹjọ́ pé, “Ibi tí ẹ̀rí yín dé nìyí, ẹ má kọjá rẹ̀.” Irọ́ kọ́ ni èyí. Òfin iṣẹ́ wọn náà kò sì fún wọn láyè irọ́: bí ẹni tí lọ́yà ń gbà sílẹ̀ bá jẹ́wọ́ fún un pé òun ni òun ṣe é, lọ́yà náà kò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ gbé ẹlẹ́rìí èké wá sí kóòtù. Ó lè ní kí wọ́n fi ẹ̀rí wọn hàn kí ó yè kooro. Kò lè dá ẹ̀rí ti ara rẹ̀ sílẹ̀. Pé àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Àwọn alárenà kan náà ti fẹ́ ìyàwó tí wọ́n rán wọn sí.

Ní ọdún 1985, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ wa gbọ́ ẹjọ́ kan tí a ń pè ní Josiah àti ìjọba ìpínlẹ̀. Wọ́n ti dá ẹjọ́ ìpànìyàn fún ọkùnrin náà láìní lọ́yà kankan. Ilé-ẹjọ́ ní asán ni gbogbo ìgbẹ́jọ́ náà, wọn kò sì sọ pé kí ó máa lọ sílé o, wọ́n ní kí á tún ẹjọ́ náà gbọ́. Adájọ́ Oputa sọ níbẹ̀ pé ọ̀nà mẹ́ta ni ìdájọ́ òdodo ní: ti ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn, ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ké, àti ti àwùjọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo rò pé lọ́yà ọ̀nà kìn-ín-ní nìkan ni. Mo ti yí èrò padà. Bí wọ́n bá ju ẹni tí kò pa àbúrò mi sẹ́wọ̀n nítorí pé kò rí ẹni bá a wí tẹnu rẹ̀, ẹni tí ó pa á ń jẹun ní ibì kan nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti owó, nítorí pé ibẹ̀ ni ó ń dùn mí. Kí ìpàdé wa tó tú ká, àwọn àgbà ti dá owó jọ tí wọn yóò fi “rí àwọn ọlọ́pàá” nípa bélì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni bélì. Bàbá dá tiwọn. Wọn kò ka ìyẹn sí owó irọ́, èmi náà kò sì sọ nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́fà ni Ẹ̀gbọ́n lò ní àtìmọ́lé, nígbà tí òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ní bí kóòtù bá wà láàrin kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni kí wọ́n fi gbé e dé ibẹ̀. Akínmọ̀rìn sí Ọ̀yọ́ kò tó ìdajì rẹ̀. Òfin kan náà ní ó lè pa ẹnu mọ́ títí yóò fi bá lọ́yà tàbí ẹnikẹ́ni tí ó bá wù ú sọ̀rọ̀. Láti ọdún 1976 ni ìjọba àpapọ̀ sì ti dá àjọ kan sílẹ̀, Legal Aid Council, tí ń gba lọ́yà fún tálákà lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin wọn ti ọdún 2011 ka ẹni tí owó tí ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tí ó kéré jù lọ ti ìjọba lọ mọ́ ọn, ẹ̀sùn olè jíjà sì wà nínú ohun tí wọ́n ń gbà rò. Kò sí ẹni tí ó mọ èyí nínú gbogbo ẹni tí ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Èmi akọ̀wé ni ó yẹ kí n mọ̀. Òwe ni mo mọ̀.

Ní kóòtù, ohun tí lọ́yà Ẹ̀gbọ́n ṣe kò pọ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá pé èdè wo ni ọmọ náà fi sọ̀rọ̀. Ó ní Yorùbá ni. Lọ́yà ní kí ó jọ̀wọ́, kí ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún kóòtù ní Yorùbá gan-an bí ó ti gbọ́ ọ. Ọlọ́pàá náà dúró díẹ̀, ó ní: “Ó ní òun ni òun gbé e.” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, adájọ́ sì kọ nǹkan sílẹ̀. Ní ìjókòó kejì, atún-ẹ̀rọ-ṣe dé, nítorí pé lọ́yà ti ní kí kóòtù fi ìwé pè é ní dandan. Ó jẹ́wọ́ pé ẹ̀rọ wà ní ìsọ̀ òun, ẹ̀rù ni ó ba òun. Wọ́n dá Ẹ̀gbọ́n sílẹ̀. Kò padà sí ilé ẹ̀rọ náà mọ́, ọ̀gá náà kò sì ní kí ó padà. Ìyá rẹ̀ ṣì ń san èésú.

Bàbá bọ́ ọ lọ́wọ́ nígbà tí ó dé, wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n ní òtítọ́ ti borí gẹ́gẹ́ bí àwọn ti sọ. Kò sí ẹni tí ó dá wọn lóhùn. Èmi pẹ̀lú Ẹ̀gbọ́n ṣì ń kí ara wa. Nígbà tí mo bá wálé, yóò bi mí nípa ìwé mi, yóò ra bọ́ọ̀lì fún mi ní Fìdítì bí a bá jọ dé ibẹ̀. Kò tíì bi mí ní ohun tí mo sọ ní alẹ́ ọjọ́ ìpàdé náà rí. Mo sì mọ̀ pé wọ́n ti sọ fún un.